Bí Argiro Ṣe Ti Ara Rẹ̀ Mọ́ Ìta

Ọkọ̀ ojú omi tó ń ná erékùṣù Kitira sí erékùṣù Kriti ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èbúté sílẹ̀ nígbà tí fóònù Argiro Vardaki dún. Ibi ìdána ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti ń bọ̀. Ijó àná ti fọ́ ọ lẹ́sẹ̀, èrò ọkàn rẹ̀ kò sì ju pé kó rí àga kan tó jìnnà sí ariwo ẹ̀ńjìnnì, kó sùn títí wọn ó fi gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ti rí orúkọ Kaliroi lójú fóònù, oorun dá lójú rẹ̀. Kaliroi kì í pe ènìyàn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú láìnídìí.

"Argiro, ó ti ń jáde o," ni Kaliroi wí. "Mo fojú ara mi rí ihò lára ẹyin náà. Mo rí àgógó ẹnu ọmọ yẹn tó ń kan án láti inú. Àfi bí àwòrán ṣe dúró. Ó dúró gbagidi, kò mì mọ́."

Kaliroi ni olórí àwọn tó ń ṣọ́ igún onírùngbọ̀n lórí àwọn òkè Kriti. Ẹyẹ ńlá ni. Àyà rẹ̀ pupa bí irin tó ti dógùn-ún, irun dúdú sì ṣù sábẹ́ ẹnu rẹ̀ bí irùngbọ̀n bàbá àgbà. Eegun ni oúnjẹ rẹ̀. Á gbé eegun lọ sókè réré, á jù ú sórí àpáta kó lè fọ́, á wá sọ̀ kalẹ̀ wá gbé e mì. Takọtabo kan ń gbé lára ògiri àpáta tó kọjú sí abúlé Prinari, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yé ẹyin tí kì í dọmọ. Wọ́n máa ń sọ pé igún kì í kú léwe, ṣùgbọ́n ti Prinari kì í tilẹ̀ dé ipò èwe kó tó ṣòfò. Lọ́dún kan, ẹyin rà. Lọ́dún mìíràn, ẹyẹ ìwò gbé e lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìbọn àwọn ọdẹ lé ìyá dìde, òtútù sì pa ọmọ mọ́ inú èèpo. Tọdún yìí nìkan ló tíì dé ibi tí ihò ti yọ lára ẹyin.

Kò sí ẹni tó lè sún mọ́ ìtẹ́ náà. Yìnyín ti dí ọ̀nà òkè, bí ọ̀nà bá tilẹ̀ là, ẹni tí ìyá ẹyẹ bá gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pa ọmọ náà nìyẹn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé kámẹ́rà sí iwájú ìtẹ́ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà kan sínú ahéré olókùúta kan ní òdìkejì. Sáfà ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè é. Iná oòrùn ló ń lò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba àwòrán lọ́wọ́ kámẹ́rà, kó sì máa fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, láti orí eríàlì kan tó tín-ín-rín. Argiro ló tò ó, òun náà ló ń tọ́jú rẹ̀. Láti ìgbà tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ kò fojú kàn án mọ́. Á jókòó síbi yòówù tó bá wà, á ṣí ojú dúdú kan lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, á tẹ àṣẹ sí i ní ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, sáfà tó wà lórí òkè á sì ṣe gẹ́gẹ́ bó ti wí, bí ẹní rán ọmọ níṣẹ́ láti òdìkejì odò tí ọmọ náà kò jẹ́ kọ̀.

Ilé kọfí Prinari ni Kaliroi wà. Gbogbo abúlé ti tú láti ṣọ́ọ̀ṣì wá síbẹ̀, wọ́n ń wo àwòrán náà lára ògiri. Àlùfáà kò tíì bọ́ aṣọ ìsìn. Àwọn ọmọdé gun orí tábìlì. Àwọn àgbà ọkùnrin sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá Kaliroi jà, àfi bí ẹni pé òun ló dì í mú kí ẹyin má pa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa fóònù yín," ni Argiro dáhùn. "Mo ń wọlé lọ bá a báyìí."

Inú ọkọ̀ kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, irin ni gbogbo ara rẹ̀. Argiro gun òkè lọ sí gbangba, ó fìdí lé orí okùn ńlá kan tí wọ́n ká jọ, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan. Afẹ́fẹ́ ń gbá irun rẹ̀ bojú. Ìyá arúgbó kan tó wọ dúdú láti orí dé ẹsẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń bó ọsàn. Evanthia lorúkọ rẹ̀, Kira Evanthia ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń pe ìyá, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń lọ ní Kisamos, èbúté Kriti tí ọkọ̀ máa gúnlẹ̀ sí. Ó ti sọ èyí fún Argiro kí Argiro tó jókòó tán.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kitira ṣì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ti rọ̀. Argiro mọ̀ pé àwòrán kan kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ lè kọjá. Àwòrán wúwo bí àpò ìrẹsì, ọ̀rọ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ó kanlẹ̀kùn sáfà. Sáfà kò tètè dáhùn. Bó bá tẹ lẹ́tà kan, á tó ìgbà tí ènìyàn mí sínú mí síta kí lẹ́tà náà tó hàn. Ó béèrè ohun tó ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìdáhùn náà jáde ní ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan, kò sì tíì dé ìdajì tí Argiro fi bú sẹ́rìn-ín.

Àlejò ni. Ẹnì kan ti polongo ẹyin náà, àwọn ènìyàn láti orígun ayé gbogbo sì ti ya lu ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà lórí òkè Prinari. Wọ́n wá láti Japan, wọ́n wá láti Brazil, wọ́n wá láti ibi tí Argiro kò mọ̀ pé íńtánẹ́ẹ̀tì dé. Eríàlì tín-ín-rín kan ni gbogbo wọn ń gbà kọjá, ó sì há mọ́ wọn lọ́rùn. Ara Argiro yá gágá. Ta ni ìbá sọ pé ẹyin igún kan lè fa èrò tó báyìí? Ó sọ fún Kaliroi lórí fóònù pé ayé ló wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, pé òun á ti gbogbo wọn síta ná kí abúlé lè ríran.

Ìwàǹwára ló ba ibẹ̀ jẹ́. Sáfà náà ní ẹ̀ṣọ́ kan tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo ẹni tó yẹ kó wọlé. Àṣẹ méjì ni Argiro fẹ́ fún ẹ̀ṣọ́ yìí. Ọ̀kan ni pé kó jẹ́ kí Argiro fúnra rẹ̀ máa wọlé. Èkejì ni pé kó ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ayé. Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ á tẹ ti àkọ́kọ́ ṣáájú. Argiro tẹ èkejì.

Ẹ̀ṣọ́ náà gbọ́ràn. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ayé, Argiro sì wà lára ayé.

Ojú dúdú dákẹ́. Ó tẹ lẹ́tà kan, kò hàn. Ó tẹ òmíràn. Ó gbójú sókè wo òkun, ó tún wo ojú dúdú náà. Ó ti gé ẹ̀ka igi tó jókòó lé. Nínú iṣẹ́ tirẹ̀, àṣìṣe yìí ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, nítorí ẹni tó bá ṣe é gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbi tí ẹ̀rọ wà. Ti Prinari kò ṣeé rìn dé.

"Ta ló kú?" ni Kira Evanthia bi í.

"Kò sẹ́ni tó kú, màmá. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi síta ni."

Ìyá náà wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. "Ilẹ̀kùn wo?"

"Ilẹ̀kùn kan ni, lórí òkè ní Kriti."

"O wà lójú òkun níbí, o wá ti ilẹ̀kùn orí òkè." Kira Evanthia ya ọsàn sí méjì, ó na ìlàjì sí i. "Gbà, jẹ ẹ́. Ní ìlú tiwa, ẹni tó bá ti ara ẹ̀ mọ́ ìta máa ń jẹun ná, kó tó wá ojú fèrèsé lọ."

Argiro gba ọsàn náà, ṣùgbọ́n kò fi kan ẹnu. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọsàn lọ́wọ́, omi rẹ̀ ń kán sí i lórí bàtà. Fèrèsé. Àwọn tó wà níta ni ẹ̀ṣọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́. Àwọn tó wà nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ńkọ́? Kò sọ ohunkóhun nípa ti wọn. Ta ló sì wà nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú sáfà yẹn? Bàbá Manusos ni.

Bàbá Manusos ni àbúrò bàbá rẹ̀, ó ń sin àgùntàn nísàlẹ̀ òkè náà, ní ibi tí yìnyín kò dé. Nígbà Kérésì, Argiro ti gbé àpótí kékeré kan tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ kọ́ ara ògiri níbi tí bàbá náà ń kó wàràkàṣì sí, kó lè máa sọ bí òtútù ibẹ̀ ṣe tó. Kọ̀ǹpútà kékeré ló wà nínú àpótí náà, orí eríàlì kan náà ni òun àti sáfà sì jọ wà. Bí Argiro bá lè wọ inú àpótí wàràkàṣì, inú ọgbà ló dé yẹn. Láti ibẹ̀, á kan ilẹ̀kùn sáfà gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò.

Ó ju ọsàn sẹ́nu lódindi, ó kanlẹ̀kùn àpótí náà. Àpótí kò dá a lóhùn. Ó tún kan án. Kò sí nǹkan kan. Ni ó bá pe bàbá náà.

"Bàbá Manusos, ẹ jọ̀ọ́, àpótí tí mo so mọ́ ògiri níbi wàràkàṣì yẹn, ṣé iná ẹ̀ ń tàn?"

"Wọ́n máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn ni."

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé iná ẹ̀ ń tàn?"

"Kò tàn. Mo ti yọ ọ́ kúrò nínú iná."

"Ẹ yọ ọ́? Kí ló fà á?"

"Ọmọ àgùntàn kan ni ìyá ẹ̀ kú. Ojú iná kan ṣoṣo ni mo ní, mo fi gílóòbù sí i kí ara ọmọ náà lè móoru. Ṣé wàràkàṣì ló máa wá máa gbọ́ ìròyìn òtútù?"

Argiro ṣàlàyé fún un, kíá kíá, nítorí Kitira ti ń di òjìji lẹ́yìn ọkọ̀. Ó sọ nípa ẹyin, ó sọ nípa ilẹ̀kùn, ó sọ nípa èrò tó wá láti Brazil. Argiro ń gbọ́ igbe àgùntàn lẹ́yìn bàbá náà.

"Ti ìtẹ́ òkè yẹn ni?" ni bàbá náà béèrè níkẹyìn. "Ọ̀dọ̀ àwọn onírùngbọ̀n?"

"Àwọn ni, Bàbá. Ọmọ náà ti lu ihò."

"Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, ọ̀kan nínú wọn ló sọ̀ kalẹ̀ wá gbé eegun itan àgbò ńlá mi lọ lójú gbogbo àna mi. Mi ò tíì dárí jì wọ́n." Ọmọ àgùntàn náà ké. "Ọmọ àgùntàn yìí ńkọ́? Kó kú?"

"Ẹ gbé e sí àyà yín, ẹ wá de kóòtù bò ó."

"Ó máa tọ̀ sí mi lára."

"Ó ṣeé ṣe kó tọ̀, Bàbá."

"Ìwọ lo máa wá fọ̀ ọ́. Ìwọ onífóònù burúkú yìí. Dúró síbẹ̀."

Argiro gbọ́ bó ṣe gbé fóònù kalẹ̀. Ó gbọ́ ọ tó ń bá ọmọ àgùntàn náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ tí kò bá ọmọ ènìyàn kankan sọ rí níṣojú ẹbí. Ó gbọ́ ìgbésẹ̀ bàtà, ó gbọ́ ilẹ̀kùn, ó sì gbọ́ èébú kan tó sọ sí wáyà tó lọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ padà wá láti ọ̀nà jíjìn: iná pupa ti tàn. Ṣé pupa ló yẹ kó jẹ́? Argiro ní kó ní sùúrù. Ó ti di àwọ̀ ewé báyìí, ni bàbá náà wí, ó sì ń ṣẹ́jú bí ẹni tí iyẹ̀pẹ̀ bọ́ sí lójú.

"Bàbá, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun mọ́."

"Ọwọ́ mi méjèèjì wà lára ọmọ àgùntàn. Kí ni mo fẹ́ fi kan nǹkan?"

Argiro kanlẹ̀kùn àpótí wàràkàṣì. Lọ́tẹ̀ yìí, ìlà kan yọ lójú dúdú náà, ó ń kí i káàbọ̀, ó sì ń sọ fún un bí ibi wàràkàṣì ṣe tutù tó. Inú ọgbà ló wà yẹn. Ó mí kanlẹ̀. Ó wá ti inú àpótí kékeré náà ké sí sáfà. Ẹni tó bá ń wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ á rò pé obìnrin kan kàn ń tẹ kọ̀ǹpútà lórí okùn ni, ṣùgbọ́n ní tòótọ́, ó ti fi ara sílẹ̀ lójú òkun, ó ti gba ilé wàràkàṣì kọjá, ó sì ti dúró sí ẹ̀yìnkùlé sáfà lórí òkè, ọwọ́ lórí ilẹ̀kùn. Sáfà béèrè ẹni tó jẹ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ hàn. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn fi ṣí.

Argiro hó ìhó ayọ̀. Kò mọ̀ pé òun hó, àfi nígbà tó rí i pé àwọn awakọ̀ akẹ́rù mẹ́ta tí wọ́n ń mu sìgá lẹ́bàá ọgbà irin ti kọjú sí i. Ọ̀kan nínú wọn bi Kira Evanthia pé kí ló dé. Kira Evanthia dá a lóhùn bí ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ náà ti rí ojú fèrèsé gbà wọlé, kí wọ́n má dí i lọ́wọ́. Dípò kí wọ́n má dí i lọ́wọ́, wọ́n wá dúró yí i ká. Inú Argiro dùn sí i, nítorí wọ́n dí afẹ́fẹ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó rọra ṣe é. Ó kọ́kọ́ fún ẹ̀ṣọ́ lórúkọ ara rẹ̀, ó sì wò ó dáadáa. Ó fún un lórúkọ ilé kọfí Prinari. Ó tún fún un lórúkọ sáfà ńlá kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bójú tó ní Atẹni olú ìlú, èyí tó lágbára láti gba àwòrán kan ṣoṣo láti orí òkè, kó sì pín in fún gbogbo àwọn ará Japan àti ará Brazil láìlàágùn. Gbogbo àwọn yòókù, kí wọ́n dúró síta. Nǹkan kan ló wá kù, kó ní kí kámẹ́rà dìde kó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tẹ àṣẹ náà. Ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fi ìka kan bọ́tìnnì tó máa rán an lọ.

Bí ìka rẹ̀ ti kúrò lórí bọ́tìnnì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ.

Kitira ti rì sẹ́yìn wọn pátápátá. Níwájú, kò sí nǹkan kan bí kò ṣe omi tó ń ru àti ìkùukùu. Ojú dúdú náà dúró bó ṣe wà, àṣẹ náà wà níbẹ̀ ní ìlà tó gbẹ̀yìn, kò sì sí ohun tó sọ bóyá ó dé ibi tó ń lọ tàbí ó bọ́ sókun lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ṣé etí gbọ́ ọ? Argiro dìde, ó tún jókòó. Ó gbé fóònù sókè orí. Ó gbé e sí ọ̀tún. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ akẹ́rù, ọkùnrin sígbọnlẹ̀ kan tó ń kó ọsàn lọ, sọ fún un pé kó má da ara rẹ̀ láàmú, pé àfi tí wọ́n bá yí ṣóńṣó ilẹ̀ erékùṣù kékeré Antikitira kọjá kí fóònù kankan tó sọ̀rọ̀. Òun ń gba ọ̀nà náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyàwó òun sì mọ ibi tí ohùn òun máa ń gé lórí fóònù.

Àwọn tó yí i ká wá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Argiro sọ ọ́. Ó yà á lẹ́nu bí ara wọn ti gbóná sí i. Awakọ̀ ọsàn ní òun ti rí ẹyẹ náà rí nígbà tí òun wà lọ́mọdé, pé ìyẹ́ rẹ̀ gùn ju ilẹ̀kùn lọ. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní irọ́ ni, idì ló rí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Kira Evanthia sàmì àgbélébùú láyà, ó ní àdúrà kò tíì burú fún ẹyẹ rí. Olùtọ́jú ọkọ̀ kan tó wá lé wọn kúrò nídìí okùn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, òun náà sì dúró. Nígbà tí ilẹ̀ Antikitira yọ nínú ìkùukùu, dúdú, ṣóńṣó, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí fóònù rẹ̀ kò sí lókè, àfi bí ẹni pé wọ́n ń pe òjò.

Ọkọ̀ yí. Kò sí nǹkan kan. Ó tún yí díẹ̀.

Fóònù Argiro gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọ̀kan ń gun èkejì lẹ́yìn, wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí fóònù náà kò fi lè dún tán lórí ọ̀kan kó tó bọ́ sórí òmíràn. Kò ka ọ̀kankan. Ó pe Kaliroi. Ẹnì kan gbé e, ṣùgbọ́n ariwo nìkan ló gbọ́, ariwo bí ìgbà tí òrùlé wó. Ó pe Kaliroi lórúkọ. Ẹkún ni Kaliroi ń sun. Àlùfáà ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ti jáde, ọmọ mi," ni àlùfáà wí. "Àwòrán padà wá lójijì, gbogbo wa rí i. Èèpo ya sí méjì níṣojú mi. Ó rẹwà." Ó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, nítorí ẹni tó wọ aṣọ ìsìn kò gbọdọ̀ purọ́. "Rárá, kò rẹwà rárá. Ṣùgbọ́n ó ti jáde."

Àṣẹ náà dé. Ó ti dé kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó já. Argiro kọjú sí àwọn tó yí i ká. Ó mi orí sí wọn lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Awakọ̀ ọsàn gbé olùtọ́jú ọkọ̀ sókè lódindi. Kira Evanthia fẹnu ko Argiro lójú méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún èèpo ọsàn.

Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ rí i. Argiro tún wọlé lọ bá sáfà, ojú ọ̀nà gan-an ló gbà lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀ṣọ́ sì mọ̀ ọ́n. Ó bẹ sáfà pé kó gé àwòrán kan ṣoṣo fún òun, kó sọ ọ́ di kékeré bó bá ti lè kéré tó. Ìyẹn gan-an pẹ́ kó tó wọlé. Láti òkè ló ti ń ṣí wá sílẹ̀, fẹ́lẹ́ fẹ́lẹ́. Àpáta ló kọ́kọ́ hàn. Lẹ́yìn náà, orí ìyá ẹyẹ, ojú rẹ̀ pupa ròdòròdò bí ẹyín iná, irùngbọ̀n rẹ̀ dúdú. Lẹ́yìn náà, àyà pupa. Nísàlẹ̀ pátápátá, láàárín irun àgùntàn tí wọ́n fi tẹ́ ìtẹ́, nǹkan kan wà bí àkísà eléérú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún omi kúrò lára rẹ̀. Orí rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ojú rẹ̀ kò tíì là tán.

Gbogbo wọn na ọrùn síwájú wò ó.

"Ó jọ ọkọ mi," ni Kira Evanthia wí. "Bó ṣe máa ń rí láàárọ̀."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín mú kí ọ̀gá ọkọ̀ yọjú láti ojú fèrèsé rẹ̀ lókè. Olùtọ́jú ọkọ̀ sáré lọ sọ fún un. Kò pẹ́ rárá, fèrè ọkọ̀ náà dún, ó gùn, ó sì rinlẹ̀, ní àárín òkun níbi tí kò sí ọkọ̀ mìíràn tó lè gbọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ ní Kisamos, awakọ̀ ọsàn ló gbé Argiro dé oríta òkè, ọmọ abúlé kan sì fi ọkọ̀ wá pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Oòrùn ṣì wà lórí yìnyín nígbà tó wọ ilé kọfí Prinari. Ó ti rò pé èrò á ti tú ká. Ṣé ẹnì kan tú ni? Wọ́n ti gbé ìkòkò ẹran wá láti ilé. Wọ́n ti ń bu rakí, ọtí líle wọn, fún ẹni tó bá na ife, àti ẹni tí kò nà án. Wọ́n fẹ́ gbé e lé èjìká, ó kọ̀. Kaliroi rìn wá bá a láàárín àwọn tábìlì, ojú rẹ̀ ti wú. Ó kàn di orí Argiro mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì gbọ̀n ọ́n díẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń ṣe fún àbúrò tó ti da òun láàmú tó sì tún mú inú òun dùn.

Bí wọ́n ti wà bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan ní kí wọ́n dákẹ́. Lára ògiri, òjìji ńlá kan ti bo ìtẹ́. Akọ ti dé. Ó bà sí etí àpáta, ó pa ìyẹ́ dé, ẹran fẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń bá ìyàwó rẹ̀ sàba, kò tíì rí ohun tó wà níwájú rẹ̀ yìí rí. Ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó sún sẹ́yìn. Ìyá dìde díẹ̀, ó yẹra fún un. Kaliroi di ọwọ́ Argiro mú, ó sì fún un pinpin. Ó rọra sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ̀ báyìí bóyá ọmọ náà á jẹun, pé àwọn akọ mìíràn wà tí kì í mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe.

Akọ náà tẹ orí ba. Ó já ẹran náà sí wẹ́wẹ́, ó mú èyí tó kéré jù, kò tó èékánná, ó sì nà án síwájú. Ó dúró. Àkísà eléérú náà gbé orí rẹ̀ tó wúwo sókè, orí náà ṣubú. Ó tún gbé e, ó sì la ẹnu.

Argiro bojú wẹ̀yìn láti wo àwọn ènìyàn. Àlùfáà, àwọn arúgbó, àwọn ọmọ orí tábìlì, ẹni tó ń ta kọfí pẹ̀lú agolo lọ́wọ́, gbogbo wọn ló la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ náà.